Bíréékà ilé ìdáná tó ń já ṣáá: ṣé ká fi èyí tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ iná. Ilé oníyàrá mẹ́ta la háyà ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí bíréékà ilé ìdáná ò jẹ́ ká gbádùn. Nígbà míì, á mú iná dání fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó já. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, mi ò tíì gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀ tó ti padà bọ́ sílẹ̀. Mo pe oníṣẹ́ iná àdúgbò, ó ní ámpù 20 ló wà níbẹ̀, ó ti kéré, kí n lọ ra 32. Ọkọ mi ní ká ra á kí ọ̀rọ̀ tán. Bàbá onílé ní kò sóhun tó ṣe wáyà òun, pé ẹrù tiwa ló pọ̀ jù. Owó bíréékà kọ́ ni ìṣòro, ẹ̀rù iná ló ń bà mí nítorí àwọn ọmọ. Kí ni kí n ṣe?

*

Ẹ kú ìfaradà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra 32 yẹn o. Iṣẹ́ iná lèmi náà ń ṣe, n'Ìbàdàn níbí. Ohun tí wọ́n sọ fún yín yẹn wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

Wọn ò torí firíìjì tàbí kẹ́túlù fi bíréékà síbẹ̀. Wáyà tó wà nínú ògiri ni wọ́n torí ẹ̀ fi í síbẹ̀. Wáyà 2.5, ìyẹn 2.5 mm², ni wọ́n sábà máa ń fà fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, bíréékà 20 ló sì bá a mu. Tí ẹ bá yọ 20, tí ẹ fi 32 síbẹ̀, wáyà inú ògiri ò nípọn sí i. Á kàn máa gbóná kọjá ibi tó yẹ ni, bíréékà ò sì ní já.

Nǹkan méjì ló wà nínú bíréékà kékeré tó ń mú un já. Ọ̀kan ni irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi oríṣi irin méjì lẹ̀ pọ̀. Bí iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá bá pọ̀ jù, irin náà á gbóná, á tẹ̀, á sì tú ìkọ́ tó mú súwíìsì dání. Ìyẹn máa ń gba àkókò. Èkejì ni wáyà tí wọ́n ká róbótó, tó ń di mágínẹ́ẹ̀tì bí iná bá gba inú ẹ̀. Bí láìfù, wáyà tó ń gbé iná wá, bá fara kan níútírà, èyí tó ń gbé e padà, níbì kan, iná rẹpẹtẹ á dé lẹ́ẹ̀kan náà, mágínẹ́ẹ̀tì á fa ìkọ́ yẹn kí ojú tó ṣẹ́.

Nítorí náà, bí bíréékà ṣe ń já ti ń sọ nǹkan fún wa. Èyí tó ń pẹ́ kó tó já, ẹrù tó pọ̀ jù ló sábà ń fà á, tàbí ẹnu wáyà tí wọn ò dè le. Èyí tó ń já lójú ẹsẹ̀, ibì kan ni wáyà ti fara kanra tàbí tí iná ti ń jò. Ẹ̀yin sọ pé méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀. Ọkàn mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà pé bíréékà kan ṣoṣo ló ń ṣe irú méjì báyẹn.

Tó bá tún já, ẹ má tíì gbé e sókè. Ẹ wo àpótí náà dáadáa. Ṣé ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké ló bọ́, àbí èyí tó fẹ̀ jù wọ́n lọ, tó ní bọ́tìnì kékeré tí wọ́n kọ T sí? Ṣé ilé ìdáná nìkan ló ṣókùnkùn, àbí àwọn yàrá míì bá a lọ? Kí ló ń ṣiṣẹ́ lásìkò náà? Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú fóònù yín. Bó bá sì ti já lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má máa fagídí gbé e.

*

Arákùnrin kan láti Ṣàgámù fèsì pé ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń lo 32 lórí wáyà 2.5, pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, pé àwa oníṣẹ́ iná kàn ń dẹ́rù ba ènìyàn ká lè gbowó. Àwọn mélòó kan sì ti gbè é lẹ́sẹ̀.

Bọ̀dá, mo gbà pé òótọ́ lẹ sọ. Ohun tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ ò tíì gbé ẹrù tó tó bẹ́ẹ̀ lé e lórí fún wákàtí gígùn. Ọjọ́ tí ẹ bá ra ẹ̀rọ amúlétutù, tí ẹ sì so ó mọ́ ojú kan náà, ọ̀rọ̀ á yí padà, kò sì ní sí bíréékà tó máa kìlọ̀ fún yín. Rọ́bà tó bo wáyà tí à ń lò nínú ilé, ìgbóná 70 °C ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá ti ń kọjá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kì í jó lójú ẹsẹ̀. Á máa gan, á máa gbẹ. Mo fa wáyà jáde nínú páìpù ilé kan ní Mọ́níyà, tí wọ́n ti gbé bíréékà ibẹ̀ dé 40, tí amúlétutù àti wọ́tà hítà sì jọ ń jẹ lára 2.5 kan ṣoṣo. Rọ́bà pupa ara ẹ̀ ti di àwọ̀ kọfí. Mo tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì, ó fọ́ wẹ́wẹ́ sí mi lọ́wọ́, kọ́pà inú ẹ̀ sì ti dúdú. Níbi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́nà, láìfù àti níútírà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wo ojú ara wọn. Iná ilé yẹn ṣì ń tàn dáadáa lọ́jọ́ náà o.

Ẹlòmíì tún béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ń lo 32 lórí 2.5 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè gidi nìyí, torí ibẹ̀ ni àṣà náà ti wá, bí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò náà ṣe ti ibẹ̀ wá. Lọ́hùn-ún, wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì á jáde láti inú bíréékà, á yí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ká, á sì padà wá sínú bíréékà kan náà. Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, wáyà méjì ló jọ ń ru ẹrù. Nílé tiwa, ẹyọ kan ló sábà máa ń jáde, tí yóò lọ láti sọ́kẹ́ẹ̀tì dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí á sì parí síbi tó bá parí sí. Ìyẹn ò gbọdọ̀ ní ju 20 lọ.

Ẹ má sì wò ó pé wáyà méjì wọ inú bíréékà yín kí ẹ wá sọ pé yíyíká ni. Ó lè jẹ́ ìlà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kì bọ ibẹ̀ pọ̀. Oníṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ pa iná, kó tú ẹnu méjèèjì, kó fi mítà ọwọ́ ẹ̀ wò ó bóyá orí àti ìdí wáyà kan náà ni. Kódà níbi tí wọ́n ti ṣe é yíyíká, bí apá kan bá já nínú ògiri, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì á ṣì máa ṣiṣẹ́, apá kejì nìkan ni á máa ru gbogbo ẹrù, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀.

*

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹrù, torí bàbá onílé náà lẹ́jọ́ tiẹ̀ rò.

Fóòtì 230 ni iná tiwa lójú ìwé. 230 lọ́nà 20 jẹ́ wáàtì 4,600. Ohun tí bíréékà 20 lè máa gbé lọ láìsí wàhálà nìyẹn. Kẹ́túlù, 2,000. Hot plate olójú méjì, 2,000 bí ojú méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́. Microwave tí wọ́n kọ 800 síwájú ẹ̀, ó ń fà tó 1,200 láti ara ògiri, torí 800 yẹn ni èyí tó ń wọ inú oúnjẹ. Fírísà ò fi bẹ́ẹ̀ ju 200 lọ bó bá ti ń lọ, àmọ́ bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, ó ń fa ìlọ́po mélòó kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 5,400, ìyẹn ámpù 23 àti ààbọ̀. Bí ẹnì kan bá wá fi áyọ́ọ̀nù 1,200 bọ ojú kan níbẹ̀ láti lọ aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ, ó ti di ámpù 28 àti díẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Bíréékà 20 kì í já ní 20 gẹ́lẹ́. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé ó gbọ́dọ̀ lè gbé ìlọ́po 1.13, ìyẹn 22.6, fún wákàtí kan gbáko láìjá, bó bá sì dé ìlọ́po 1.45, ìyẹn 29, ó gbọ́dọ̀ já kí wákàtí kan tó pé. Láàárín méjèèjì yẹn, ó lè já, ó sì lè má já. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bíi pé ó ń ṣe bó ṣe wù ú. Bí àpótí bá wà lára ògiri fàráńdà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa, á tètè já ju tàárọ̀ lọ, torí irin inú ẹ̀ ti gbóná kí ẹrù tó dé.

Iná tó rẹlẹ̀ náà ń dá kún un. Bí fóòtì bá wálẹ̀ sí 170 tàbí 180, kẹ́túlù àti áyọ́ọ̀nù á kàn máa lọ́ra ni, iná tí wọ́n ń fà á dín kù. Àwọn tó ní mọ́tò nínú ló yàtọ̀: fírísà, amúlétutù, pọ́ńpù omi. Wọ́n á máa tiraka, iná tí wọ́n ń fà á sì pọ̀ sí i.

*

Ìyá wa ti padà wá. Ohun tí wọ́n kọ rèé:

“Mo ti wò ó o. Méjì ni wọ́n, èmi ò tiẹ̀ mọ̀! Kékeré tí wọ́n kọ KITCHEN sí ló ń já bí mo bá ń se oúnjẹ lọ́wọ́. Èyí tó fẹ̀, tó ní T lára, òun ló ń já lójú ẹsẹ̀, tí ìdajì ilé á sì ṣókùnkùn. Ọkọ mi ní bí òjò bá rọ̀ lóun ṣàkíyèsí pé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gba mí o, nǹkan míì tún wà. Ó pẹ́ tí ilé ìdáná ti ń rùn bí ẹja. Mo fọ firíìjì, mo da gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ nù, òórùn ò lọ.”

Mà, ẹ pa bíréékà ilé ìdáná yẹn báyìí, kí ẹ tó ka èyí tó kù. Òórùn yẹn kì í ṣe ti ẹja. Pílásítíìkì sọ́kẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà wáyà tó bá ń gbóná máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti pa á tán, ẹ fọwọ́ kan ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan níta, pàápàá èyí tí hot plate ń lò. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ bóyá ó ti dúdú, kí ẹ wo ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì bóyá etí ẹ̀ ti pọ́n. Ẹ má tú nǹkan kan fúnra yín.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ẹnu wáyà ò le mọ́ lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ìdè bá dẹ̀, iná á máa gba ojú tóóró kọjá, ibẹ̀ á máa gbóná, bó bá tutù á tún dẹ̀ sí i. Kò dìgbà tí ẹrù bá pọ̀ kí èyí tó jó ilé. Bíréékà tó dára jù lọ ò lè rí i, torí iye iná tó ń gba ibẹ̀ ò ju bó ṣe yẹ lọ. Imú yín ló rí i. Bí irú ìdè dídẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà lábẹ́ bíréékà fúnra ẹ̀, ooru náà á wọ inú ẹ̀, á sì mú un já láìjẹ́ pé ẹrù pọ̀. Nítorí náà, kí oníṣẹ́ iná wo méjèèjì.

*

Ó wá ku ti T. Àríyànjiyàn ọ̀rọ̀ yìí ló gùn jù, àwọn tó ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù ló sì pọ̀ jù. “Ó ń yọ ènìyàn lẹ́nu.” “Ilé bàbá mi ò ní in, a ò kú.” Ẹnì kan tiẹ̀ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fo wáyà kọjá ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe. Ó ń wọn iná tó ń lọ lórí láìfù àti èyí tó ń padà bọ̀ lórí níútírà. Iye kan náà ló yẹ kí wọ́n jẹ́. Bí èyí tó ń padà bá fi mílíámpù 30 dín, iná ti rí ọ̀nà míì gbà nìyẹn: ògiri tó tutù, ilẹ̀, tàbí ara ènìyàn tó fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí táìlì. Á gé e lójú ẹsẹ̀. Iná tó lè pa ọmọ kékeré kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó lè já bíréékà 20. Bíréékà kékeré á mú iná dání gbọnyin nígbà tí iná bá ń gbé ènìyàn. Ohun kan ṣoṣo tó wà nínú àpótí yẹn fún ara ènìyàn ni èyí tó ní T. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́.

Arábìnrin kan láti Ajaṣẹ́ (Porto-Novo) ní tiwọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, disjoncteur ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, pé mílíámpù 500 ni wọ́n kọ sí i lára, ó sì béèrè bóyá ó tó. Kò tó fún ara ènìyàn, mà. 500 lè ṣèdíwọ́ fún iná tó ń jò tó fẹ́ dáná sun ilé, àmọ́ ènìyàn ò lè dúró de 500. Kí wọ́n fi èyí tó jẹ́ 30 sí i nínú ilé, lẹ́yìn tàkọ́kọ́, pàápàá fún balùwẹ̀, ilé ìdáná àti ìta.

Bí ẹ ṣe máa wá ibi tó ń jò rèé. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Mo ní ẹ yọ ọ́, kì í ṣe kí ẹ pa súwíìsì sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ bọ́ gbogbo bíréékà kéékèèké sílẹ̀, kí ẹ gbé T sókè. Bó bá dúró, ẹ máa gbé àwọn kéékèèké náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá gbé tí T já, ojú ìlà ẹ̀ ni ẹ ti máa wá a. Bí gbogbo wọn bá dúró, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ki púlọ́ọ̀gì bọ ògiri ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Áyọ́ọ̀nù, wọ́tà hítà, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti fírísà tó ń yọ yìnyín fúnra ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, torí ìyẹ̀fun tó wà nínú irin agbóná wọn máa ń mu omi bí irin náà bá ti là díẹ̀.

Ibi tí púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ti ń ṣìnà nìyí: T lè já nígbà tí gbogbo kéékèèké wà nílẹ̀. Wọ́n á wá ní T ló bàjẹ́, wọ́n á ní kí ẹ ra òmíràn, òmíràn náà á sì já. Bíréékà kékeré ilé wa, láìfù nìkan ló ń gé. Níútírà ṣì so mọ́ ibẹ̀ gírígírí. Bí níútírà bá fara kan wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó wọ inú ilẹ̀, níbì kan, bóyá ìṣó tí wọ́n fi kọ́ àwòrán ló gún un, bóyá eku ló jẹ ẹ́, iná láti ìlà míì lè gba ibẹ̀ sá lọ. Ó di dandan kí wọ́n tú níútírà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó mọ ìlà tó ni ẹ̀bi.

Tiyín tó ń tẹ̀lé òjò, mà, ìta ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ: iná ẹ̀yìnkùlé, iná ẹnu géètì, sọ́kẹ́ẹ̀tì ibi jẹnẹrétọ̀, wáyà pọ́ńpù tó wọ inú kànga.

*

Ẹnì kan láti Abẹ́òkúta ní bíréékà T tiòun ò ní wàhálà kankan títí wọ́n fi gbé sólà àti ínfátà wá. Láti ìgbà yẹn, iná NẸ́PÀ kì í pẹ́ dé kó tó já.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà. Àwọn tó so ínfátà náà ya láìfù sọ́tọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo níútírà wà pa pọ̀ lójú kan. Iná á wá gba inú T lọ, á gba níútírà tí kò kọjá nínú T padà. Lójú T, jíjò ni. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Kí wọ́n ya níútírà ìlà ínfátà sọ́tọ̀ kúrò lára ti NẸ́PÀ, kí ìlà kọ̀ọ̀kan máa lo tiẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ínfátà, ẹ rántí o: bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, wáyà yín ṣì ní iná. Kí ẹnikẹ́ni tó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ pa ínfátà náà. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé T bí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré. Níútírà ọ̀pọ̀ wọn ò so mọ́ ilẹ̀, nítorí náà T lè má já nígbà tó yẹ kó já.

*

Ní ti bàbá onílé. Àwọn kan ní kí ayálégbé tún gbogbo ẹ̀ ṣe torí òun ló ń lò ó, àwọn kan ní kí onílé ṣe gbogbo ẹ̀. Èrò tèmi ni pé ohun tó wà nínú ògiri jẹ́ ti onílé: wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì, àpótí bíréékà, iná ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí ẹ lè gbé sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó kúrò, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ ya fọ́tò sọ́kẹ́ẹ̀tì tó pọ́n yẹn kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Ó ṣòro kí ènìyàn wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kó ní kò sóhun tó ṣe wáyà òun. Oníṣẹ́ tí ẹ bá sì máa pè, ẹ bi í bó bá ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò.

*

Ìyá wa tún kọ̀wé:

“Ẹ ṣeun gan-an ni. Oníṣẹ́ míì la pè. Lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì hot plate, wáyà dúdú kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tán, ìdè ẹ̀ ò mú nǹkan kan. Iná ẹ̀yìnkùlé náà, nígbà tó tú u, omi dà jáde, èèrà kún inú ẹ̀. Ara ìlà ilé ìdáná ni wọ́n ti fa iná yẹn, wọ́n kàn fi téèpù we ojú ibi tí wọ́n ti so ó. Bàbá onílé ti sanwó. Àmọ́ oníṣẹ́ náà ṣì ní kí n pààrọ̀ bíréékà 20 yẹn, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo sì lè máa lọ aṣọ nílé ìdáná padà?”

Inú mi dùn, mà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Bíréékà tó ti já léraléra, tí ooru ìdè dídẹ̀ sì ti ń wọ̀ ọ́ lára, lè di ọ̀lẹ. Ọ̀nà wà láti mọ̀. Kó pa iná àpótí láti orí, kó tú wáyà tó jáde láti inú bíréékà yẹn, kó dá iná padà, kó gbé bíréékà náà láìsí wáyà kankan lára ẹ̀. Bó bá já bẹ́ẹ̀, òun ló bàjẹ́. Bó bá dúró, kó wo abẹ́ ẹ̀ níbi ìdè bóyá pílásítíìkì ẹ̀ ti yọ́ tàbí ó ti pọ́n. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, 20 náà ni kí ẹ rà, kó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe àpótí yẹn, kó lè jókòó dáadáa lórí irin tó ń gbé iná wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó tún wá de gbogbo ìdè náà lẹ́ẹ̀kan sí i, torí kọ́pà máa ń rọ̀ lábẹ́ ìdè tuntun.

Kó tó lọ, ẹ ní kó fi megger, ẹ̀rọ tó ń wò ó bóyá rọ́bà wáyà ṣì ń dá iná dúró, wọn ìlà ilé ìdáná. Fóòtì 500 ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n, nígbà tí gbogbo púlọ́ọ̀gì bá wà níta. Ohun tó bá jáde kò gbọdọ̀ dín sí mẹ́gà-óòmù 1, bó bá sì jẹ́ wáyà tó dára, á fi púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá dín, omi ṣì wà níbì kan.

Bí onílé bá gbà, kí wọ́n fa wáyà 4 ọ̀tọ̀ fún hot plate láti inú àpótí, pẹ̀lú bíréékà 25 tiẹ̀. Iná ẹ̀yìnkùlé náà, kó kúrò lára ìlà ilé ìdáná, kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ṣe fún ìta, tó ní rọ́bà lẹ́nu. Títí di ìgbà náà, ẹ máa lọ aṣọ nínú yàrá, bó bá jẹ́ pé bíréékà ọ̀tọ̀ ló ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀.